Àga Tí A Kò Jókòó Lé Wò

"Jókòó lé e dáadáa," gbẹ́nàgbẹ́nà sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀. "Fẹ̀yìn tì. Yí sọ́tùn-ún, yí sósì. Ṣé ó ń mì?"

"Kò mì, Bàámi."

"Ó yá, ó lè máa lọ ilé ẹni tó ni ín."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sí àga tó ń jáde láìjẹ́ pé ọmọ yìí ti jókòó lé e wò. Ṣùgbọ́n àga ti ń dín kù. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ títì, tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù àtijọ́, ẹ̀yìn ilé ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà kò sì mọ ibi tó wọlé sí.

Ọmọbìnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá nítorí àìnísùúrù rẹ̀, ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé ìwé. Ó ṣèlérí pé òun yóò ṣe ọ̀kan tí àwọn èèyàn yóò fi rí bàbá òun.

"Fóònù ni wọ́n máa fi wò ó," olùkọ́ wọn kìlọ̀. "Ẹ fi nọ́ńbà sókè. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò wúwo. Kí lẹ́tà dúdú, kó hàn nínú oòrùn. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ yá fóònù ẹlòmíì, ẹ fi wò ó."

Ọ̀rẹ́ Kíámọ́sá, tí wọ́n ń pè ní Fáàrí, bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ńbà lókè, bíi pátákó ẹni tó ń gbẹ́ kànga? Jẹ́ kí fọ́tò máa yí! Kí lẹ́tà rí wẹ́wẹ́, kó ní àwọ̀ eérú. Ohun tó ń lọ nìyẹn o."

Kíámọ́sá ṣe é bí Fáàrí ṣe wí. Lórí kọ̀ǹpútà ńlá kíláàsì, iṣẹ́ náà ń dán gbinrin. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Kíámọ́sá gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Kò yá fóònù ẹnikẹ́ni.

Fóònù bàbá kò dún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wá. "Ẹ̀yin rèé! Oníbàtà ìkóríta ló júwe ibí fún mi. Wọ́n ní ẹ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i, nǹkan róbótó kan ń yí, ó ń yí, dátà mi ń lọ. Nígbà tó máa ṣí, n ò rí nọ́ńbà kankan. Mo ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì."

"Iṣẹ́ wo ni, mà?" Kíámọ́sá béèrè.

"Àga àti tábìlì gbogbo kíláàsì mi."

Bàbá yọ pẹ́ńsùlù etí rẹ̀, ó tún dá a padà. "Ẹ fi àga yẹn sílẹ̀, mo máa tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe." Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ rẹ̀ ju ẹgba lọ. A sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ló bà.

Nígbà tí bàbá parí àga náà, ó pè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. "Wá jókòó lé e."

Kíámọ́sá jókòó. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là. Ó ti jókòó lé gbogbo àga tí àjèjì máa lò, ṣùgbọ́n kò dán iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan.

Ó mú fóònù bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti sán, ó bọ́ sínú oòrùn, ó ṣí ojú ewé náà. Funfun báláú ló rí, kò rí lẹ́tà kankan kà. Ó jókòó, ó sọ lẹ́tà di dúdú, ó yọ fọ́tò tó ń yí, ó dín ìwọ̀n èyí tó kù kù, ó sì fi nọ́ńbà sókè gàdàgbà.

"O ti ba ẹwà rẹ̀ jẹ́," Fáàrí wí.

"Ẹwà tí kò jẹ́ kí wọ́n rí bàbá mi? Máa gbé e lọ ilé yín."

Ó fi fóònù olùkọ́ wò ó, ó fi ti aládùúgbò wò ó. Nígbà tí obìnrin ọjọ́sí wá gbé àga rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó fi tirẹ̀ náà wò ó.

"Ó ti ṣí? Kíá báyìí?" Obìnrin náà tẹ nọ́ńbà. Àpò bàbá dún.

"Hẹ̀lóò, gbẹ́nàgbẹ́nà ni o."

"Èmi tí mo dúró níwájú yín ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ńlá yẹn ti lọ, kò sì padà. Ṣùgbọ́n Kíámọ́sá kọ́gbọ́n: iṣẹ́ tí a ṣe fún ẹlòmíràn, ohun tí ẹni náà máa fi lò ó ni ká fi dán an wò, kì í ṣe pàtẹ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ ẹni.

Lẹ́yìn náà, oníbàtà ìkóríta ní kó ṣe ojú ewé tòun náà. Nígbà tó parí, ó gbé fóònù fún bàbá rẹ̀ nínú oòrùn. "Bàámi, ẹ bá mi jókòó lé e wò."

Bàbá nu ọwọ́, ó fi ìka tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó rọra wò ó.

"Kò mì," ni ó wí.