Ohùn Tí Kò Ní Píìnì Lẹ́nu

"Di etí aṣọ yẹn mú dáadáa, Adú. Tó bá yọ̀, a ó tún un rán nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ láìla ẹnu. Píìnì wà láàárín ètè rẹ̀ bó ṣe máa ń wà látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí wọn ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí aránṣọ yìí bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa dún bíi ti ẹni tí nǹkan gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá káfíńtà ìsàlẹ̀ jà, ẹni tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ra nínú ilé náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, tó ń fi í ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́: "Adú, bó o bá ń bọ̀, bá mi ra òwú dúdú. Má gbàgbé o."

"Màmá, ẹ máa gbé píìnì yẹn mì lọ́jọ́ kan."

"Tí mo bá gbé e mì, ìwọ ni n ó ní kó o wá fi irin òòfà fà á jáde. Di aṣọ mú jàre, dókítà."

Adú rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ ara rẹ̀ tó dúdú tó ń dán ni ìyá rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sì ti gbà á. Àwọn méjèèjì péré ni wọ́n jọ ń gbé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù wà, ìyá a sì máa ti ilẹ̀kùn mọ́ra láti inú bó bá ku òun nìkan, nítorí olè ti gbé aṣọ oníbàárà lọ níbẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́rùn ìyá, èkejì wà nínú báàgì ìwé ọmọ.

Ohun tó ń ba Adú lẹ́rù nígbà náà kò ju ìṣirò lọ. Ìdánwò àṣejáde ń bọ̀, tíṣà ìṣirò sì ní kí àwọn tí iṣẹ́ wọn kò dára máa dúró gba ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Obìnrin náà kì í na ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn. Yóò kàn fún ọ ní ṣọ́ọ̀kì, yóò ní kí o wá ṣe é lójú pátákó, yóò wá dákẹ́ máa wò ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Adú kò lè fara dà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rí ọ̀nà àbáyọ. Kòsíńkan ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Kò sí ńkan." Ní ọjọ́ tí tíṣà èdè ní kí kíláàsì jiyàn lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá, bóyá kí á gbà á mọ́ra tàbí kí á sá fún un, òun ló dá gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ti sọ pé ẹ̀rọ ń kọ àròkọ báyìí débi pé tíṣà ò mọ èyí tí ọmọ kọ mọ́. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun tó ń ka ìròyìn, pé ẹ̀rọ ló kù tí wọ́n fẹ́ kó máa kà á. Ni Kòsíńkan bá dìde.

"Tíṣà, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ènìyàn ló ń purọ́. Ẹ̀rọ kàn ń bá wọn ru irọ́ ni."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, tíṣà bi í pé, "Ó dáa. Bí ẹrù irọ́ bá wá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè dá gbé e ńkọ́?"

Aago lù, gbogbo wọn sì dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ilé ìkàwé, Kòsíńkan na ọwọ́. "Mú àwọn ohùn tí ìyá ẹ fi ń ránṣẹ́ sí ẹ wá."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣáà mú un wá. Kò sí ńkan."

Ó kó àwọn ohùn náà sínú áàpù kan lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì gbé fóònù sí Adú létí. "Ẹ káàsán, tíṣà. Èmi ni ìyá Adú. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀bù lónìí."

Ara Adú bù máṣọ. Ìyá rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé, síbẹ̀ ohùn ìyá rẹ̀ ni, píìnì sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Pa á," ó sọ. "Ó ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù níbẹ̀? Ìyá ẹ náà kọ́ nìyẹn? Wò ó, ó tún lè jẹ́ kí nọ́ńbà ìyá ẹ yọ lójú fóònù tíṣà. Àbí o fẹ́ lọ dúró síwájú pátákó lónìí?"

Adú wo fèrèsé kíláàsì ìṣirò. Ó mi orí pé ó dáa. Kòsíńkan tẹ fóònù, wọ́n sì gbọ́ tí tíṣà tí kì í rẹ́rìn-ín yìí fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Ó dáa, ìyá wa. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n."

Ó dun Adú pé tíṣà gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé Kòsíńkan tutù, fíìmù sì wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìyá Adú ń pe tíṣà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aránṣọ tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sì mọ̀ pé òun ń pe ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá ti ní ohun ìṣeré tuntun lọ́wọ́ kò ní jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kan, fóònù Adú dún, ohùn ìyá rẹ̀ sì ní, "Adú, máa bọ̀ o, mo ti ṣubú!" Bó ṣe sáré nìyẹn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sójú ọ̀nà. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì, tó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

"Ta ló ń lé ẹ?" ìyá rẹ̀ bi í. "Bàtà ẹ kan dà?"

Ní ọjọ́ kejì, Kòsíńkan rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. "Ọmọ màmá! O kú eré ìje!" Àwọn tó kù bá a rẹ́rìn-ín. Adú náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ tún dé, kò sáré mọ́. Ohùn tó ti ń gbé e dìde láti kékeré ti di ohun tó ń gbọ́ tó ń jókòó sí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yí padà, ìjókòó ló wà lóòótọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ti parí, ó ń dúró de Kòsíńkan nínú ilé ìkàwé pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mélòó kan. Fóònù dún. *Màmá mi.*

"Adú. Adú, jọ̀ọ́, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ṣubú lórí àpótí, ẹsẹ̀ mi... Áyọ́ọ̀nù wà lórí aṣọ, mi ò lè dé ibẹ̀."

Àwọn tó wà nítòsí ń wò ó. Adú bú sẹ́rìn-ín. "Kòsíńkan, eléyìí dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ sinmi jàre."

Ó pa fóònù. Ó tún dún, ó tún pa á. Ẹnìkan ní, "Ìyá ẹ tún ti ṣubú?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu bí egungun ẹja tó há sí ọ̀fun, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó tún ohùn náà gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀. *Mú kọ́kọ́rọ́ wá.* Ọ̀rọ̀ náà là geere. Ẹnu tó sọ ọ́ ṣí gbayawu.

Kò sí píìnì lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo ohùn tó fún áàpù náà ló ní píìnì lẹ́nu. Áàpù kò mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ bí kò bá sí píìnì. Adú ń gbìyànjú láti sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ẹ̀rọ náà ti kọ́ ọ, nígbà tí Kòsíńkan wọlé, tó fajú ro.

"Báwo lo ṣe mú píìnì kúrò lẹ́nu rẹ̀?" Adú bi í.

"Píìnì wo?"

"Nígbà tó o pè mí lẹ́ẹ̀kan."

"Mo fi kí ni pè ẹ́? Tíṣà ìṣirò ti gba fóònù mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀ látìgbà ìsinmi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń bọ̀, mo lọ bẹ̀ ẹ́."

Adú fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó pe nọ́ńbà ìyá rẹ̀. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún un pè. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Kò rántí bó ṣe jáde. Ó kàn mọ̀ pé òun ń sáré, kọ́kọ́rọ́ ń gún un ní àtẹ́lẹwọ́, ọ̀nà tó ń rìn lójoojúmọ́ sì gùn bí ọ̀nà ìlú mìíràn. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ létí. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ ẹ̀tàn, kí ẹnìkan yọ níwájú kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú gbogbo ayé, kí òun sì bá ìyá òun nídìí máṣíìnì.

Ní ìsàlẹ̀, káfíńtà ń la igi, ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ bo gbogbo ilé. Kì bá tí gbọ́ nǹkan kan bí ẹnìkan bá ń fi ohùn rara kígbe. Adú gun àtẹ̀gùn. Èéfín ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń jò.

Ó kọ́kọ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ lódì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, kò rí nǹkan kan ju èéfín dúdú lọ. "Màmá! Màmá!" Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri, ó ń fọwọ́ táràrà lórí ilẹ̀ pákó títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ ènìyàn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi ìdajì aṣọ oníbàárà bo imú, fóònù wà láyà rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní pípadé.

Igbe Adú ló mú káfíńtà pa ẹ̀rọ rẹ̀. Òun ló gbé obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tuntun, tó ń wí pé, "Ìyá oníjà, ẹ má sùn o. Ẹ bú mi. Ẹ sọ pé mò ń pariwo. Ẹ ṣáà bú mi."

Níta ni ìyá wúkọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èéfín, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Adú jókòó ti ibùsùn, kò lè gbójú sókè. Ohùn ìyá rẹ̀ ti ha.

"Mo gbọ́ ẹ ní orí fóònù," ìyá rẹ̀ sọ. "Mo gbọ́ tó o rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé ọmọ mi nìyí?"

Adú kúnlẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ pe tíṣà. Ìyá kò bú u. Ó ń wò ó, bí tíṣà ṣe máa ń wò ó lójú pátákó.

"Ohùn mi yẹn," ó bèèrè níkẹyìn, "ọwọ́ ta ló wà báyìí?"

Kòsíńkan, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yìí pẹ̀lú tíṣà ìṣirò, wá síwájú. Tíṣà ti dá fóònù rẹ̀ padà. Kòsíńkan pa áàpù náà rẹ́ lójú gbogbo wọn. "Mo ti pa á rẹ́, mà. Àmọ́ àwọn tó ni áàpù... nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, wọ́n ní kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ 'mo gbà' sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò kà á." Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ ibi tó wà, mà."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò lè sọ pé kò sí ńkan.

Ẹsẹ̀ aránṣọ san, ṣùgbọ́n kò fi píìnì sẹ́nu mọ́. Tìmùtìmù kékeré ló ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ tó ń gún wọn sí. Adú ń gba ẹ̀kọ́ àfikún. Ó ń dúró lójú pátákó, tíṣà ń wò ó, ó sì rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan wà láyé tó burú ju ìyẹn lọ: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fóònù tó ń dún tí ẹnikẹ́ni kò gbé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Irọ́ tí a bá fi ohùn ẹni tó fẹ́ràn wa pa, òtítọ́ ẹni náà ló kọ́kọ́ ń pa. Ohùn ìyá kì í ṣe ohun tí à ń yá ènìyàn, nítorí bó bá ti jáde lọ́wọ́ ẹni, kò sẹ́ni tó mọ ẹnu tí yóò tún gbà padà wálé.

Ìyá àti ọmọ ti yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan báyìí tí wọ́n fi ń dá ohùn ara wọn mọ̀, wọn kò kọ ọ́ síbì kan, wọn kò sì sọ ọ́ létí fóònù àfi bí wọ́n bá ń pe ara wọn. Bí fóònù Adú bá dún, a gbé e sétí.

"Adú," ohùn ìyá rẹ̀ á wí.

Adú kì í tètè dáhùn. Á di fóònù mú títí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.