Ọ̀gá Páálí Fara Kan Ilẹ̀

"Ó ń rìn! Ẹ wá wò ó!"

Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn dénú. Oṣù mẹ́tàlá ni ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò mi, àmọ́ tiwa kò tíì rákòrò rí. Inú páálí lábẹ́ tábìlì tí Màámi fi ń gé aṣọ ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, tí yóò máa pàṣẹ fún gbogbo wa. A sì sọ ọ́ ní Ọ̀gá Páálí.

"Tiyín ńkọ́?" onídìrí bi mí. "Ṣé ó ti ń dìde?"

"Ó ti ń dìde tipẹ́, mà!" Irọ́ ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a fẹ́ gbé àbúrò mi lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Màámi ń ránṣọ lọ́wọ́, píìnì kún ẹnu rẹ̀. Ó na káàdì ọmọ sí mi pé kí n bá òun dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀. Ṣé ó ń dá jókòó? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ń fi ìka méjì mú nǹkan kékeré? Bẹ́ẹ̀ ni, kódà bọ́tìnnì kò ráyè lọ́wọ́ ẹ̀! Ṣé ó ń rákòrò? Ṣé ó ń di nǹkan mú dìde? Mo rántí ọmọ onídìrí. Mo ní, ta ni yóò mọ̀? Mo fi ààmì bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ka káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ gbé e padà wá tó bá pé oṣù méjìdínlógún."

"Ṣé kò séwu, mà?" Màámi bi í.

"Kò séwu rárá."

Màámi mí kanlẹ̀. Ó rò pé nọ́ọ̀sì ti rí i lórí káàdì pé ọmọ kò rákòrò. Ìdùnnú ojú rẹ̀ yẹn ló gún mi lọ́kàn. Oṣù márùn-ún gbáko, ẹnikẹ́ni ò ní wo ẹsẹ̀ àbúrò mi!

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ké, "irọ́ ni mo kọ! Kò rákòrò, kò sì dìde rí."

Màámi wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Nọ́ọ̀sì gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀gá Páálí fi ìpá ta gíláàsì ojú nọ́ọ̀sì dànù.

"Yéè! Ẹsẹ̀ yìí lágbára o! Níbo ló máa ń wà látàárọ̀?"

"Inú páálí, mà," Màámi dáhùn. "Píìnì ló kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ilẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ ìrìn o! Ẹsẹ̀ ọmọ kì í dọ́gba: òmíràn a rìn lóṣù mẹ́sàn-án, òmíràn a tó méjìdínlógún. Ẹ jẹ́ kó fara kan ilẹ̀, kí n rí i lóṣù tó ń bọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ká ní àìsàn wà lẹ́sẹ̀ yìí ńkọ́, tí irọ́ rẹ sì lé e lọ sílé?"

"Ẹ má bínú, mà," mo wí.

Láràárọ̀ ni mo wá ń so òòfà mọ́ igi, tí mo ń fà á kiri ilẹ̀ kí píìnì lè lẹ̀ mọ́ ọn. N ó gbálẹ̀, n ó tẹ́ ẹní. Lákọ̀ọ́kọ́, Ọ̀gá ń sunkún páálí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń fàyà wọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rákòrò, n ò tún ráyè jókòó mọ́.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù pé, téèpù Màámi rọ̀ létí tábìlì. Ọ̀gá rí i. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì dìde! Ó fa téèpù, ó fi ìdí jókòó gbì, ló bá ń rẹ́rìn-ín.

Màámi tu píìnì ẹnu rẹ̀ dànù, ó fò sókè. Onídìrí sáré wọlé, tòun ti ìyarun lọ́wọ́. "Ìwọ lo ní ó ti ń dìde tipẹ́!"

"Irọ́ ni mo pa, mà," mo wí. "Òní gan-an ló dìde."

"Ṣé o rí ayé ẹ!" Ó gbá mi létí pẹ́lẹ́, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Mo mú káàdì, mo fi ààmì tuntun, ti òtítọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti irọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò bá ẹnikẹ́ni sáré. Èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ díje. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi irọ́ bo ohun tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Mo tún rántí àwọn píìnì tí Màámi tu sílẹ̀, mo yáa dìde lọ mú òòfà.