Ẹ̀jẹ̀ Odile, Ọmú Kirsti

Rolande na fóònù sí Odile, ọmọ rẹ̀, lórí tábìlì oúnjẹ. "Àwọn elétò ìlera ni. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Báńdéèjì ṣì wà níwájú orí Odile. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ló fi ọkọ̀ orí yìnyín kọlu àpáta létí adágún tó ti di yìnyín. Kirsti, aládùúgbò wọn, tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ panápaná, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ilé ló ti sáré wá nígbà tí ẹ̀rọ ìpè dún. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ panápaná tí kò tíì dé, òtútù sì ti mú kí awọ ọwọ́ rẹ̀ là, síbẹ̀ ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú ọgbẹ́ náà.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ wọ ojú ibi tó là lọ́wọ́ Kirsti," ni ọkùnrin orí fóònù wí. "Wá jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, bóyá àrùn wà níbẹ̀. Bó o bá kọ̀, òfin lè fi dandan mú ọ, àmọ́ ìyẹn á pẹ́."

Ọkàn Odile lọ sí ọtí tó mu nínú ahéré apẹja lórí yìnyín lọ́jọ́ náà. Ó ti búra fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹnu kàn án. Ṣé wọn ò ní rí i nínú ẹ̀jẹ̀?

"Mi ò wá," ó wí, ó sì pa fóònù.

"Kí ló dé?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Abẹ́rẹ́ ń bà mí lẹ́rù ni, Mọ́mì."

"Ìwọ tó o lu etí níhò mẹ́ta?"

Odile dìde kúrò nídìí tábìlì.

Nílé kejì, Kirsti ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí kì í jẹ́ kí àrùn ráyè wọlé. Dókítà ní kó má fún Eero, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́rin, lọ́mú títí wọn yóò fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ Odile. Oògùn náà ń mú kó máa bì, kò sì lè jẹun. Eero kọ ìgò oúnjẹ, tipátipá ló fi ń mu díẹ̀ níbẹ̀. Lọ́sàn-án, igbe rẹ̀ ń gba ara ògiri wọlé tọ Odile wá, Odile á fi ìrọ̀rí bo etí.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé àṣẹ òfin dé. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ náà, Odile rọra béèrè pé, "Ṣé ẹ máa rí ọtí níbẹ̀?"

"Ọtí kẹ̀? Àrùn mẹ́ta péré là ń wá. Ta ló sọ fún ọ pé ọtí kàn wá?"

Lọ́jọ́ kọkànlá, èsì jáde: kò sí àrùn kankan. Odile sáré lọ sílé kejì. Eero wà láyà ìyá rẹ̀, ó ń fa ọmú, ó ń yí orí kúrò, ó ń sunkún.

"Ó ti gbẹ," ni Kirsti wí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú."

Omijé dá lójú Odile. "Àǹtí, ọtí ni mo mu. Mo rò pé wọ́n á rí i."

Kirsti fa aṣọ bo àyà rẹ̀. "Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Tẹ́lẹ̀, bí Odile bá ti wọlé, Kirsti á gbé ọmọ fún un. Lọ́jọ́ yìí, ó gbé e mọ́ra, ó lọ po oúnjẹ ìgò.

Odile lọ jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án náà, pẹ̀lú ẹkún. Ẹni tó bá ń fi irọ́ bo ara rẹ̀, kó rántí pé ẹlòmíì lè jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ bá irọ́ Odile lóòótọ́, àmọ́ ọmú ti gbẹ kó tó dé.