Ẹja Oníwọ̀ Méjì

Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá jẹ́ irọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín iwájú mi já bọ́ sínú ife tí mo gbé dání yìí, kí n sì gbé e mì. Ẹ wò ó, mo ti mu nínú ẹ̀, eyín mi ṣì pé. Ó dáa.

Ẹ gbọ́. Ẹja yẹn tó ilẹ̀kùn. Mi ò sọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ o, ilẹ̀kùn àbáwọlé ni mo ń sọ.

Àárọ̀ Sátidé ni, ìkùukùu ṣì bo ojú adágún. Ọ̀rẹ́ mi Wẹ́dà jókòó sórí garawa ẹ̀ létí omi, ó ti ju ìwọ̀ ẹ̀ sómi. Irin ló ń jó láti Mọ́ńdè títí dé Fúráìdè. Sátidé nìkan ni ojú ẹ̀ ń kúrò lára iná. Ìgbà tó ní kó fa okùn ẹ̀ báyìí, okùn ò wá. Ó fà á, ẹnì kan tún fà á padà.

Ló bá gbójú sókè. Obìnrin kan ló rí lórí àpáta tó wà níwájú, ó ká ṣòkòtò ẹ̀ dé orúnkún, ó fi ìbàdí ti ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀, ó ń fà á bí ẹni ń fa màlúù alágídí. Oòrùn sì wá yọ lẹ́yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wẹ́dà tó ń wo iná láti àárọ̀ dalẹ́ láìṣẹ́jú, ojú ẹ̀ ṣẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ tú okùn yín sílẹ̀! Ẹja mi lẹ̀ ń fà yẹn."

"Ẹja yín kẹ̀? Ṣé ẹ ti kọ orúkọ sí i nídìí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fà á jáde ná, ká bi ẹnu ẹ̀ léèrè."

Wọ́n fà á jáde. Ìwọ̀ obìnrin yìí wà lẹ́nu ẹ̀ lápá ọ̀tún, ti Wẹ́dà wà lápá òsì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í pẹja ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ gbogbo àwa oníwọ̀ adágún yẹn la mọ̀ ọ́n: ẹja tó bá gbé ìwọ̀ méjì, omi ló ni ín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé, torí ìjà ló máa sè jẹ. Kálukú á fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ìwọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ gbé ẹja yẹn padà sómi. Bí ọwọ́ wọn ṣe pàdé lábẹ́ ikùn ẹja nìyẹn.

"Ọwọ́ yín yi o," obìnrin yẹn wí.

"Irin ni mò ń jó. Ọwọ́ tiyín ló rọ̀ jù."

"Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń gún èèyàn."

Wẹ́dà ní, "Ẹ ti gún mi ná."

Ẹ má bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn igi ni mo wà, mò ń wá ekòló. Ohun tí mi ò bá sì rí, mo gbọ́, torí ojúlé kan lèmi pẹ̀lú Wẹ́dà jọ ń gbé, ògiri tó wà láàárín wa ò nípọn ju ìwé lọ. Ó máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Sátidé tí wọn ò jọ jókòó. Wẹ́dà jó irin kan fún un tó lè gbé ọ̀pá ìwọ̀ lé, ó jó òdòdó sí i lára. Nọ́ọ̀sì ní, "Òdòdó rèé àbí ẹ̀yà aláǹtakùn?" Àmọ́ kò fi í sílẹ̀ sétí omi rí. Ó máa ń gbé e lọ sílé.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi wá gbé pátákó kan dúró sétí adágún. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ Nọ́ọ̀sì kà á síta: ní gbogbo ìgbà tí ẹja bá ń yé ẹyin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìwọ̀ pẹja. Àwọn aláwọ̀n lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ẹ gbà mí o! Ìwọ̀ kan, ẹja kan. Àwọ̀n ńkọ́? Ìyá ẹja, bàbá ẹja, ọmọ ẹja, àtàwọn àna wọn tó wá kí wọn! Ta ló wá ń pa ẹyin run? Ìgbìmọ̀ adágún ló ṣòfin yẹn, aláwọ̀n sì ni gbogbo wọn látòkèdélẹ̀. Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó fi ìwọ̀ kan omi rí. Wọn ò pè wá, wọn ò bi wá. Wọ́n kàn tilẹ̀kùn mọ́ wa bí ẹni ń lé adìẹ. Alága wọn yẹn, mi ò tiẹ̀ ní pè é ní "wọ́n", bó ti wù kó dàgbà tó.

A gba gbọ̀ngàn ìpàdé wọn lọ. Fáànù òkè ń ké, ooru ń mú. Wẹ́dà dìde.

"Alága, ta ló yàn yín láti máa sọ̀rọ̀ fún wa?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ẹja ṣeré! Àwa, iṣẹ́ oúnjẹ wa nìyí."

"Eré wa kì í kó ìyá ẹja tòun tọmọ. Alága, ojú yín ti fẹ̀ ju àwọ̀n yín lọ!"

A hó yèè. Èmi gan-an, ohùn mi já fèrèsé mẹ́ta. Wẹ́dà wá ojú Nọ́ọ̀sì kó bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ Nọ́ọ̀sì ti dorí kodò.

Ìta ni Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un. "Òótọ́ lọ̀rọ̀ tó o sọ. Àmọ́ bàbá mi lo sọ ọ́ fún."

Ẹnu Wẹ́dà là sílẹ̀, kò lè pa á dé. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Níbi gbogbo ni mo ti ń jẹ́ ọmọ Alága. Etí omi nìkan ni mo ti rí ẹni tó bá mi du ẹja láìbẹ̀rù."

Nígbà tó yá, Alága ránṣẹ́ pe Wẹ́dà. Ó fi í jókòó sórí tìmùtìmù tó ń gbé èèyàn mì, ó ní, "Ọmọ mi ò jẹun látàná torí tìẹ. Ó dáa, màá fi ẹ́ sínú ìgbìmọ̀. Wá jókòó, pa ẹnu mọ́, kó o sì fẹ́ ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ yín ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ àga yín. Àga tí àna bá fúnni, ẹnu ẹni ló fi ń dí. Àwọn oníwọ̀ ló máa yan ẹni tó máa sọ̀rọ̀ fún wọn."

"Nígbà náà, o ò rí àga, o ò sì rí ọmọ. Jáde!"

Ẹ̀yin ẹ wo ìwà yẹn! Ọ̀rẹ́ mi rù títí tí bẹ́líìtì ẹ̀ fi yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ò wá sétí omi mọ́. Àpáta ẹ̀ ṣófo.

Sátidé tá a fẹ́ yan aṣojú pé. Bá a ṣe ń dìbò ni pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á gbé garawa ẹ̀ kalẹ̀, kálukú á sì ri ọ̀pá ìwọ̀ ẹ̀ mọ́ yanrìn lẹ́yìn garawa ẹni tó fẹ́. Garawa Wẹ́dà nìkan ló wà nílẹ̀. Àfi bí Nọ́ọ̀sì ṣe yọ, tó gbé tiẹ̀ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ọmọ Alága! Amí ni!" Àwọn èèyàn pariwo.

"Amí kọ́," ó wí. "Bí Wẹ́dà bá lọ sọ́hùn-ún, bàbá mi á lé e jáde. Èmi ńkọ́? Ibo ló fẹ́ lé mi lọ? Ilé kan náà la jọ ń sùn!"

Wẹ́dà wò ó, ó wò ó. Ó fa ọ̀pá ẹ̀ yọ, ó lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn garawa ọmọbìnrin yẹn. Gbogbo wa bá tẹ̀ lé e. Ọ̀pá pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹyẹ rò pé igbó ti hù.

A kó gbogbo ọ̀pá yẹn lọ sí gbọ̀ngàn, a ò sì dìde títí wọ́n fi gbé àga sílẹ̀ fún un. Ó dojú kọ bàbá ẹ̀.

"Ẹ̀yin fi àwọ̀n di adágún yìí mú lápá kan, àwa fi ìwọ̀ dì í mú lápá kejì. Létí omi, ẹja tó bá gbé ìwọ̀ méjì, omi là ń dá a padà fún. Tó bá ti di ìgbà ẹyin, kí gbogbo wa tú u sílẹ̀, tàwọ̀n tìwọ̀. Tí kì í bá ṣe gbogbo wa, kó má ṣe ẹnikẹ́ni."

Aláwọ̀n àgbàlagbà kan wúkọ́. "Ẹrẹ̀ ni àwọ̀n mi ń kó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo wà lẹ́yìn ọmọ yìí." Ló bá nawọ́. Ọwọ́ ń gòkè. Ó ku Alága nìkan, àmọ́ òfin ti yí padà.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọ̀sán gangan, Alága fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà. Wẹ́dà pa iná, ó ṣí ìbòjú ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín irin.

"Ẹja tó so ìwọ àtọmọ mi pọ̀ yẹn," Alága wí, "báwo ló ṣe tóbi tó?"

Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ti sáré dá a lóhùn. "Ó tó ilẹ̀kùn, Bàbá!"

Wẹ́dà ní, "Ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi, sà. Bóyá kò tiẹ̀ tó o."

Ẹ̀yin èèyàn! Ọ̀rẹ́ mi ni o! Ó dójú tì mí lọ́sàn-án gangan! Kí ni òótọ́ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹja?

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Láti kékeré mi ni mo ti mọ oníwọ̀, mi ò tíì rí èyí tí kì í parọ́ ẹja. Ẹni tí ò parọ́ ẹja, kò ní parọ́ fún ọmọ mi. Ojú mi tó o ní ó fẹ̀ ju àwọ̀n mi lọ ńkọ́?"

"Ẹ foríjì mí nítorí ẹnu tí mo fi sọ ọ́, sà. Ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, mi ò lè kó o jẹ."

"Mo gbọ́," Bàbá wí. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní "wọ́n".

Ìgbà ẹyin dé. Àwọ̀n rọ̀ lórí igi, ìwọ̀ wà nílé, omi pa rọ́rọ́. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àpáta yẹn lọ́wọ́ òfo.

"Nọ́ọ̀sì mi, a ò rí nǹkan kan ṣe mọ́ ní Sátidé."

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe, Wẹ́dà mi?"

"Ká ṣègbéyàwó."

"Ṣé torí pé wọ́n ti adágún lo ṣe rántí mi?"

"Rárá o. Torí pé èyí tí mo mú yìí, mi ò lè dá a padà fún omi."

Nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ rírọ̀ ẹ̀ bọ inú ọwọ́ yíyi yẹn, ó sì fi síbẹ̀.

Etí omi náà la ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń dìmọ́ra wọn báyìí ni ẹja yẹn yọrí, àpá ìwọ̀ méjì lẹ́nu ẹ̀, ó tó ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o!" Mo bá ní...

"Dìde ńbẹ̀! Gbé ife ẹ sílẹ̀, ó yá, lọ sílé!"

Mò ń lọ, ìyá ẹlẹ́mu, mò ń lọ. Àmọ́ ẹ ka eyín mi ná kí n tó lọ.