Ìwé Pélébé Ọlọ́dún Mẹ́fà

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún 1997 ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Adétóyìn kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé Mùstàphá ní Limawa, ní ìlú Minna, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e débẹ̀. Ẹ̀rọ fótókọ́pì ló ń wá. Ó di ìwé méje mọ́ àyà nínú ọ̀rá dúdú, ó fi ara tirẹ̀ gba òjò kí ìwé má baà tutù.

"Sannu da zuwa," ni ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì fi kí i ní Hausa. Nígbà tó gbọ́ tí àlejò rẹ̀ ń bá òjò jà ní Yorùbá, ó yí èdè padà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ jókòó, kí omi ara yín gbẹ ná."

"Ìwé ni kí ẹ bá mi wò, ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Mùstàphá rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé. Kọ́míìkì ni, àwòrán lọ́tùn-ún lósì, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ Faransé. Adétóyìn ṣàlàyé fún un. Tíṣà Faransé ni òun. Nígbà tí òun lọ kọ́ èdè náà ní Lomé, òun pàdé bàbá Faransé kan tó fẹ̀yìn tì síbẹ̀, Mùsíò Marsẹ́lì, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ya ìtàn kan ṣoṣo sínú ìwé méje: ìtàn gáàdì ọkọ̀ ojú irin kan àti obìnrin aránṣọ tó ń gbé lẹ́bàá ibùdókọ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ nílẹ̀ bàbá náà. Ó ti wá fọwọ́ sí ìwé pé kí Adétóyìn kó méjèèje pọ̀ sínú ìwé kan, kó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún," ni ó wí. "Ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí i."

Mùstàphá nàka sí àwọn róbótó funfun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn wà nínú wọn. "Ta ni yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwọ̀nyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni mo rò."

"Haba! Ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ya gbogbo nǹkan. Tí ẹ bá fi lẹ́tà kọ̀ǹpútà sí i, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ọwọ́ ló gbà."

"Ọwọ́ ta ni?"

Mùstàphá bi í lórúkọ. Ó fa kálámù yọ, ó kọ orúkọ ọmọbìnrin náà sórí ìwé. Orí wàláà ni bàbá Mùstàphá olóògbé, tó jẹ́ fítà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní rélùwéè, ti kọ́ ọ ní ìkọ̀wé kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Adétóyìn wo orúkọ ara rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ò kọ ọ́ rí.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Adétóyìn ń rìn láti Keteren Gwari wá sí Limawa. Mùstàphá á ti fi tipẹ́ẹ̀sì pa Faransé rẹ́ lórí fótókọ́pì. Adétóyìn á pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún un, ọkùnrin náà á kọ ọ́ sórí ìwé pélébé tó gé ní ìwọ̀n róbótó náà, á gbé e lé e bóyá á wọ̀. Lára àwọn káàdì ìpè síbi ìnáwó tó bá bàjẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ ló ti ń gé ìwé pélébé náà, nítorí pé wọ́n le, wọ́n sì funfun lẹ́yìn.

"Ọ̀rọ̀ yín sanra jù, Àǹtí. Ẹ bá mi gé e."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gé e, Màláàmù!"

"Gáàdì ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe lọ́yà."

Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, "ẹ" ti di "o", Àǹtí ti di Tóyìn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Adétóyìn mọ ọjọ́ tí ìfẹ́ ọkùnrin náà wọ òun lára. Ọjọ́ náà ni Mùstàphá fi odindi ọ̀sán tún ojú ewé kan kọ, tó ní obìnrin aránṣọ ń sunkún níbẹ̀, lẹ́tà òun sì ti dùn jù fún ẹni tó ń sunkún.

Ìwé pélébé kan wà tí Adétóyìn ò dá padà. Ọ̀rọ̀ tí gáàdì sọ nínú ìwé kẹta ló wà lórí rẹ̀: *Ibi yòówù kí iṣẹ́ gbé mi dé, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀.* Ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, níbi àdúrà òwúrọ̀, ó ṣí Bíbélì, ìwé pélébé náà sì já bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bàbá Adéagbo, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí rélùwéè gbé wá sí Minna, mú un nílẹ̀. Òun náà ti ṣe gáàdì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó kà á. Ó wá yí i padà, ó rí ààbọ̀ káàdì lẹ́yìn rẹ̀: wọ́n ń pe ará àti ọ̀rẹ́ síbi yìgì kan ní Limawa, orúkọ ilé ìtẹ̀wé sì wà nísàlẹ̀.

"Ta ló ń gbé ọ níyàwó lẹ́yìn mi?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ inú ìwé ni!"

"Káàdì yìgì ni mo mú lọ́wọ́ yìí."

Kò dúró gbọ́ mọ́. Ó wọ bàtà, ó kọrí sí Limawa, Adétóyìn ń sáré tẹ̀lé e.

Àlàájà Ràhímátù, ìyá Mùstàphá, jókòó lórí ẹní láàárín ọgbà ilé tí ilé ìtẹ̀wé náà wà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Adéagbo dúró lé e lórí, kò ṣí fìlà, kò kí i.

"Ẹ sọ fún ọmọ yín kó jìnnà sí ọmọ mi. Onítẹ̀bọmi ni wá. A ò ṣe yìgì."

Obìnrin náà ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ parí kó tó gbójú sókè. "Bàbá, èmi náà ò wá ìyàwó dé ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ṣùgbọ́n ojúlé ọkọ mi lẹ dúró sí yìí, ẹ ò sì kí mi. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ ó kọ́kọ́ kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn."

Mùstàphá ti jáde sí wọn, tadáwà wà ní ìka rẹ̀. "Màláàmù, sọ fún wọn," ni Adétóyìn ń bẹ̀ ẹ́. "Sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ Mùsíò Marsẹ́lì ni."

Ká ní ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ó gba ìwé pélébé náà lọ́wọ́ Bàbá Adéagbo, ó wo ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ni, ó wà nínú ìwé kẹta. Káàdì tó bàjẹ́ ni mo gé, kò sí yìgì kankan. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín níwájú ìyá mi. Nígbà tí mo ń kọ ọ́, kì í ṣe obìnrin inú àwòrán ni mo ń rò."

Adétóyìn fara ti ògiri. Ohun tó ti ń retí láti ìgbà òjò, àárín òbí méjì tó ń bínú ló ti gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Bàbá rẹ̀ gba ìwé pélébé náà padà, ó tì í bọ àpò. "Iṣẹ́ náà parí lónìí."

"Bàbá, mo ti ṣèlérí fún arúgbó kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í yẹ àdéhùn."

Ìyẹn ló mú un. Ó mí kanlẹ̀. "Kí iṣẹ́ máa lọ, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fojú kan ara yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ara yín síra yín. Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà nìkan. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó bá jẹ́ tiyín, mo dáná sun gbogbo ìwé náà."

"Mo gbà, sà," ni Mùstàphá wí.

"Mo gbà," ni Adétóyìn wí.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tó gbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń gbowó oṣù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí Margaret, ìyá rẹ̀, kú. Kaura Namoda ni ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, kò bá ìyàwó rẹ̀ láyé. Láti ìgbà náà, ọkùnrin yìí ló ń sebẹ̀, òun ló ń di irun ọmọbìnrin rẹ̀, dídì tí kò gún rí. Adétóyìn ò lè kẹ̀yìn sí i.

Ìfìwéránṣẹ́ ló wá kù. Láti Keteren Gwari sí Limawa, ènìyàn á rìn ín kí àárẹ̀ tó mú un, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin ni lẹ́tà wọn ń lò lójú ọ̀nà. Adétóyìn á ṣí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, bàbá rẹ̀ á gbé awò sójú, á kà á látòkè délẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń lẹ àpòòwé náà pa. Èyí tó bá ti Limawa dé, òun náà ló ń kọ́kọ́ ṣí i.

Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe é. Àìsàn ibà gbé Adétóyìn dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún 2000, iṣẹ́ rẹ̀ ò lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, àpòòwé kan dé láti Limawa. Ìwé karùn-ún ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ewé ìwé kejì ni Mùstàphá tún kọ ránṣẹ́, níbi tí gáàdì ti ń béèrè lójú fèrèsé pé: *Ṣé ara rẹ yá? Ilé rẹ dákẹ́ jù.* Adétóyìn gbé e mọ́ ojú, ó sunkún títí ó fi sùn.

Ọkùnrin méjì wá tọrọ rẹ̀ ní ìjọ, ó kọ̀. Ó gbọ́ pé Àlàájà náà ti mú ọmọbìnrin wá sílé lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ rẹ̀, èsì kan náà sì ni Mùstàphá ń fún un: "Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ò tíì parí, Ìyá."

Ní ọdún 2002, lẹ́tà dé láti Lomé pé Mùsíò Marsẹ́lì ti kú. Kò rí ìwé náà. Adétóyìn mú kálámù, ó kọ ọ́ sí Mùstàphá pé *Mo nílò rẹ, jọ̀wọ́ wá.* Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó fà á ya. Lẹ́yìn náà, ó túmọ̀ lẹ́tà Lomé sí Gẹ̀ẹ́sì, kò fi kún un, kò yọ kúrò, ó sì gbé e sórí tábìlì fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Adéagbo kà á. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti wú. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ó lẹ àpòòwé náà pa dípò rẹ̀.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2003, ìwé náà jáde, méjèèje nínú ẹyọ kan. Ẹ̀dà kan dé láti Limawa pẹ̀lú ìfìwéránṣẹ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, kò sí ọ̀rọ̀ míì pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ Mùsíò Marsẹ́lì wà lókè, ti Adétóyìn àti ti Mùstàphá wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà afọwọ́kọ kan náà. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi kà á.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó pè é. "Tóyìn, bá mi mú ọ̀pá mi. Limawa là ń lọ."

Orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sinmi lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí wọ́n wọ ọgbà, ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba níwọ̀n tí orúnkún gbà.

"Àlàájà, ẹ káàsán o. Ẹ kú ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Obìnrin náà dìde. "Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ fi rin ìrìn yìí." Ó gbé àga fún un, ó bu omi wá.

Mùstàphá jáde láti inú ilé ìtẹ̀wé, ó rí Adétóyìn, ó sì dúró lójú kan. Irun ti ń funfun lẹ́bàá etí rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú àpòòwé yín," ni Bàbá Adéagbo wí. "Mo fẹ́ rí i, kí n lè sọ pé mo jàre. Mo rí ojú ewé àtijọ́ tí o fi béèrè ara rẹ̀, mo ní ọwọ́ tẹ̀ yín. Mo wò ó, ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni. Nígbà tí òyìnbó náà kú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ọmọ yìí pé kó kọ tirẹ̀ sí i, ẹnu mi ò gbé e. Èmi àti Margaret, ọjọ́ gbogbo ni mo ń lọ, mi ò sọ fún un rí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ṣì wà nílẹ̀, Àlàájà, a ó jókòó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní í rí ọmọ méjì tó mọ àdéhùn tó báyìí mọ́."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé pélébé kan jáde, ó ti pọ́n létí. Ó nà án sí Mùstàphá.

"Ẹni tí o kọ èyí sí kò tíì rí i gbà. Èmi ni mo dá a dúró lọ́nà."

Mùstàphá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó rin àárín ọgbà kọjá, ó gbé e fún Adétóyìn. Adétóyìn kà á bí ẹni tí kò kà á rí, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń pe ará àti ọ̀rẹ́. Ó wá gbójú sókè wo ọkùnrin náà.

"Màláàmù," ni ó wí, "o mà ti rù."

Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àkọ́kọ́ sí i nìyẹn láti ọdún mẹ́fà.