Elégédé Ọmọ Alápatà

Ọjọ́ tí Akunlé kọ́kọ́ dé ìsọ̀ ẹran náà, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Alápatà ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó wá kun iwájú ìsọ̀. Ó gbé àkàbà àti agolo ọ̀dà dání, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó fi aṣọ ìnujú bo imú.

Ọmọbìnrin alápatà wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń gé ẹran. Gésíi ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kó gé sí i, ó máa gé sí i fún un ni. Nígbà tó rí ọkùnrin tó bo imú yìí, inú bí i díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹran wa ń rùn sí yín ni?”

“Rárá o, ẹ má bínú. Ẹran ló máa ń pa mí.”

“Ẹran kẹ̀? Àwa là ń pa ẹran níbí o. N ò tíì gbọ́ pé ẹran ń pa èèyàn.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó Gésíi sí wàhálà.

Ó fọ ọwọ́, ó bu omi tutù lọ fún un lórí àkàbà, ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ara rẹ̀ kọ ẹran láti kékeré. Nígbà kan, ṣíbí tí wọ́n fi ro ọbẹ̀ ẹran ni wọ́n ṣèèṣì fi bu ẹ̀wà fún un. Ṣíbí lásán. Kó tó jẹun tán, ahọ́n rẹ̀ ti wú, ọ̀fun rẹ̀ ti dí, ìyá rẹ̀ gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn láìwọ bàtà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹran kò wọ ilé wọn mọ́. Ó yọ abẹ́rẹ́ kan tí dókítà ní kó máa mú kiri nínú àpò rẹ̀, ó fi hàn án.

Gésíi wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yára fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe. Akunlé parí iṣẹ́, ó tún padà wá, ó ní iwájú ìsọ̀ ṣì ń fẹ́ ọ̀dà. Ó tún padà wá. Alápatà ní, “Ògiri wo ló ń mu ọ̀dà bí ẹni ń mu omi yìí?” Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti wọ̀.

Inú Gésíi dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Kó tó lọ rí olólùfẹ́ rẹ̀, yóò wẹ̀, yóò fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha èékánná, yóò pààrọ̀ aṣọ, yóò tún padà lọ fọ ọwọ́. Bí Akunlé bá wúkọ́ lásán, àyà rẹ̀ á já. “Àyànfẹ́ mi, eruku ni,” ni Akunlé á sọ, Gésíi á sì máa wo ọ̀fun rẹ̀ títí tí ikọ́ yóò fi lọ.

Ìyá Akunlé gbọ́, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. “Nínú gbogbo ọmọbìnrin tó wà láyé, ọmọ alápatà lo rí?” Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe Gésíi, ó sì fi í jókòó.

“Ọmọ mi, n kò ní nǹkan kan sí ọ. O dára, o sì níwà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ara mi ń ba èmi náà, Mà.”

Ìyá kò retí èsì yẹn.

“Ní ìsinmi òpin ọdún, gbogbo ilé wa máa ń kóra jọ jẹun. Ìwọ ni kó o se oúnjẹ tí a ó gbé sáàárín tábìlì. Kò gbọdọ̀ kan ẹran rárá. Bí ọkàn mi bá balẹ̀ tí mo fi jẹ ẹ́, ẹ lọ fẹ́ra yín. Bí kò bá balẹ̀, jọ̀ọ́, fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi.”

Kí ni kó sè? Inú ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹran láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Bí wọ́n bá mú ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, kò mọ ohun tó kù.

“Ẹ̀wà ńkọ́?” Akunlé bi í.

“Ẹ̀wà tó fẹ́ pa ọ́ níjọ́sí? Ojú wo ni ìyá rẹ á fi wò mí?”

“Olú ńkọ́?”

“Olú máa ń jọ ẹran nínú ọbẹ̀. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Àyànfẹ́ mi, se ọ̀dùnkún lásán, màá jẹ ẹ́.”

“Ìwọ á jẹ ẹ́. Ta ló ń gbé ọ̀dùnkún lásán sáàárín tábìlì lọ́jọ́ ọdún?”

Nígbà tó yá, ó rí elégédé ńlá kan níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó yó rùbùtù, awọ rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Gésíi dúró wò ó. Yóò gbẹ́ inú rẹ̀, yóò fi ìrẹsì, ẹ̀pà, tòmátì àti àlùbọ́sà kún un, yóò yan án nínú ààrò. Yóò gbé e kalẹ̀ lódindi, yóò sì fi ọ̀bẹ là á lójú gbogbo wọn. Bó bá di ọ̀rọ̀ ká gé nǹkan, kò sẹ́ni tó lè rí àléébù òun.

Ó ra ìkòkò tuntun, pátákó ìgé-ǹkan tuntun, ọ̀bẹ tuntun. Ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ gba ọ̀bẹ náà wò, ó pariwo mọ́ ọn.

Alápatà wo ọmọ rẹ̀. “Ṣé ọwọ́ bàbá rẹ ti wá di májèlé ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Gésíi, torí òótọ́ ni. Bàbá kàn wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi náà, ó sè, ó yan, àlùbọ́sà mú omi jáde lójú rẹ̀ títí tí imú rẹ̀ fi dí. Ó fi omi ṣan ọ̀bẹ, ó fi aṣọ mímọ́ wé e, ó gbé elégédé lọ sílé àwọn Akunlé. Ìdílé ti pé yí tábìlì ká: àwọn ẹ̀gbọ́n Akunlé, ọkọ wọn, àwọn ọmọ wọn. Ìyá jókòó sídìí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Kò fọwọ́ kan ṣíbí.

Òórùn elégédé náà gba gbogbo yàrá. Akunlé na àwo rẹ̀. “Èmi ni kó o kọ́kọ́ bù fún. Kí gbogbo wọn rí i.”

Gésíi tú aṣọ, ó mú ọ̀bẹ. Ó gbé e sókè lábẹ́ iná.

Ojú ọ̀bẹ náà ń dán ju bó ṣe rà á lọ. Ẹnìkan ti pọ́n ọn. Nítòsí èèkù, ní kọ̀rọ̀ tí omi kò dé, nǹkan funfun kan dì mọ́ irin náà tín-ín-rín. Gésíi gbé e súnmọ́ imú.

Ọ̀rá màlúù ni.

Kò sí alápatà tó ń pọ́n ọ̀bẹ tí kì í fi ọ̀rá nù ún kó má baà dípẹtà. Bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é títí kò fi rò ó mọ́.

Ó ro ó wò: bó bá nù ún mọ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá á ní “mo ṣáà sọ bẹ́ẹ̀,” ìfẹ́ òun á sì parí síbi tábìlì yìí. Ó wo ìyá. Ó wo Akunlé tó na àwo, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó wo ọ̀fun Akunlé.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ má jẹ ẹ́. Ọ̀rá ẹran wà lára ọ̀bẹ mi.”

Gésíi tẹ bàbá rẹ̀ láago.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ pọ́n ọ̀bẹ mi?”

Ohùn alápatà dún ketekete, ayọ̀ wà nínú rẹ̀. “Ṣé ó mú? Ìgbà tó o lọ ra àlùbọ́sà láàárọ̀ ni mo rí i lórí tábìlì. Mo ní kí èmi náà ṣe nǹkan kan sí i fún ọ.” Ó dánu dúró. Ó jọ pé ó ti yé e. “Yé. Ọmọ mi, mo fi ọ̀rá nù ún.”

A jẹ́ pé ọ̀bẹ yẹn ló gé gbogbo rẹ̀. Gésíi sọ fún wọn, kò fi ẹyọ kan pamọ́, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Akunlé dìde láti wá dì í mú. Ìyá na ọwọ́ sí i pé kó jókòó.

“Bó o bá dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀?”

“Kò sẹ́ni, Mà. Àfi ọ̀fun rẹ̀.”

Ìyá gbé elégédé náà fúnra rẹ̀, ó gbé e jáde, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fọ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́. Gésíi mú báàgì rẹ̀. Ó ti gbà pé ó ti tán.

Ìyá padà dé pẹ̀lú abọ́ ọ̀dùnkún kan àti ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ ti gbó.

“Gbé báàgì yẹn sílẹ̀, kó o lọ fọ ọwọ́. Ọ̀bẹ yìí kò kan ẹran rí. Wá bá mi bó ọ̀dùnkún. Oúnjẹ ọkọ rẹ ni, kì í ṣe èmi nìkan ni màá máa bó o.”

Wọ́n ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́ nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Alápatà ni, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò gbẹ́sẹ̀ wọlé.

“Mi ò wọlé o, Ìyá Akunlé. Mo kàn wá bẹ̀bẹ̀ ni.”

Akunlé rántí bí òun náà ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà níjọ́sí. Ìyá ló gbé omi àti ọṣẹ jáde, ó sì ń da omi náà fún un. “Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ tún fọ̀ ọ́. Ó tó. Ẹ wọlé ká jẹun.”

Ọ̀dùnkún lásán ni wọ́n gbé sáàárín tábìlì lọ́jọ́ ọdún. Akunlé ló kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ, ó gbé e mì. Gésíi tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀ títí, nígbà tó sì gbójú sókè, ó rí i pé ibẹ̀ náà ni ìyá tẹjú mọ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

“Ìwọ náà?” ìyá bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Èmi náà, Mà. Ìgbà wo ni ẹ̀rù yìí máa ń tán?”

“Kì í tán.” Ìyá mú ṣíbí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. “Ṣùgbọ́n a ti di méjì báyìí. Jẹun, màá bá ọ wò ó.”