Ohun Tí Píkọ́ọ̀pù Dàwódù Lè Fà

Kùrukùru ọyẹ́ ṣì bo Ọ̀gbà ní òwúrọ̀ tí Dàwódù kọ́kọ́ rí Fọláyọ̀. Obìnrin náà jókòó lẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan. Ó wo nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n ọkọ̀ gbé síwájú rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó gbé ojú sókè wo ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe béèrè lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ni Dàwódù ń fi háyà fún àwọn ilé iṣẹ́ tí tiwọn bá bàjẹ́. Wọ́n ní táyà lábẹ́, píkọ́ọ̀pù ni ó sì fi ń wọ́ wọn láti àgbàlá rẹ̀ ní Oko Ọba. Bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ni ó fi òwò náà àti píkọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ti Fọláyọ̀ ni láti wọn gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde, ì báà jẹ́ lọ́rì ìyẹ̀fun tàbí ọkọ̀ omi.

Ó ṣí fèrèsé. "Ẹ má bínú o. Ohun tí ẹ wọ́ wá fi ìlọ́po méjì wúwo ju ọkọ̀ tó wọ́ ọ lọ."

"Ó ti ń wọ́ ọ tipẹ́, àǹtí. Kò ráhùn rí."

"Ṣé ọkọ̀ ni yóò jókòó ráhùn fún yín?"

Nígbà tí Dàwódù ń jáde, ó ní láti tún gun orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù nìkan. Irin pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ ń dúró lé kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n mì díẹ̀ lábẹ́ táyà bí ọkọ̀ ojú omi. Òórùn bísíkíìtì láti inú ààrò ti kún inú kùrukùru. Fọláyọ̀ kọ nọ́ńbà náà sórí bébà kékeré kan, ó nà án sí i. Dàwódù gbà á, kò sì rántí láti ṣí bíréèkì títí lọ́rì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi fun fèrè.

Láti ọjọ́ náà, ó máa ń yà síbẹ̀ láìwọ́ ohunkóhun. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá píkọ́ọ̀pù òun ti sanra. Fọláyọ̀ a wọn ọkọ̀ náà, a sọ fún un pé awakọ̀ ni ó sanra, a sì fún un ní bébà. Dàwódù a kó àwọn bébà náà sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n a máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí dé Agége, ọwọ́ wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, a tún yàgò. Ní oṣù kẹrin, wọn kò yàgò mọ́.

Ní ọjọ́ Wẹ́sidè kan, bí Dàwódù ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, jẹnẹrétọ̀ tí ó wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti píkọ́ọ̀pù láti ẹ̀yìn. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kò dúró. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha ògiri afárá kí ó tó dúró. Kò sí ẹni tó farapa.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ó ti ṣètò láti lọ kí bàbá Fọláyọ̀ ní Ifákò. Bàbá náà, Tíṣà Job, ọmọ Èkìtì, ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Dàwódù rò pé ẹ̀sìn ni wọn yóò fi dí òun lọ́wọ́, nítorí Mùsùlùmí ni òun. Bàbá náà kò mẹ́nu kan ẹ̀sìn; ó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí afárá lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó béèrè ìwé atọ́nà tó bá píkọ́ọ̀pù náà wá, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á bí ẹni ń máàkì ìdánwò.

"Tọ́ọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó lè fà. Mélòó ni ò ń fà?"

"Mẹ́rin ó lé, sà."

"Nígbà tí o bá ra èyí tó lágbára jù ú lọ, kí o padà wá. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ ń lé e."

Píkọ́ọ̀pù ńlá kan wà fún títà ní Ìkẹjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dàwódù lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó jókòó sínú rẹ̀ tí ó di kẹ̀kẹ́ ìdarí rẹ̀ mú. Bí ó bá rà á, yóò ta ti bàbá rẹ̀, owó ìgbéyàwó àti ti ilé tí wọn yóò gbà yóò sì bá a lọ. Ìgbéyàwó yóò di ọdún méjì sí i. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Fọláyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì wo ilẹ̀.

Fọláyọ̀ fà á sẹ́yìn kí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ lè kọjá.

"Mo lè dúró fún ọdún méjì," ó wí. "Èyí tí mi ò lè ṣe ni kí n dúró nítorí ohun tí a kò tíì wọ̀n. Mélòó ni wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ yẹn?"

"Tọ́ọ̀nù mẹ́ta."

"Òṣùwọ̀n mi ní mẹ́rin ó lé. Níbo ni ìyókù ti wá, Dàwódù?"

Nígbà tó yá ni Dàwódù ronú kan epo dísù. Láti ìgbà bàbá rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kì í kúrò ní àgbàlá wọn láìkún fún dísù dé ẹnu. Wọ́n a ṣí táńkì níwájú oníbàárà kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé wọn kò rẹ́ òun jẹ. Dàwódù kò tíì wọ́ ọ̀kankan lófìfo rí.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, tí lọ́rì ìyẹ̀fun kì í wá, Fọláyọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì mú bàbá rẹ̀ wá. Tíṣà Job mú ìwé àti bírò dání. Dàwódù wọ́ jẹnẹrétọ̀ náà gun orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú táńkì gbígbẹ. Wọ́n yọ ìwúwo píkọ́ọ̀pù kúrò: ó ṣẹ́ ku tọ́ọ̀nù mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ọkọ̀ onídísù wá fa rọ́bà sínú táńkì, nọ́ńbà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí táńkì kún, ó ti kọjá mẹ́rin.

"Bàbá mi ni ó kọ́ mi bẹ́ẹ̀, sà," ni Dàwódù wí. "Láti òní lọ, lófìfo ni n óò máa wọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ oníbàárà ni a ó ti máa rọ dísù, níṣojú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ mi kọjá agbára ọkọ̀ mi lófìfo pàápàá. Lọ́rì ni n óò máa háyà fún un."

"Ọkọ̀ ńlá yẹn ńkọ́?"

"Ó wù mí gan-an, sà. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan."

Tíṣà Job fa ilà sábẹ́ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. "Sọ fún àwọn ẹbí rẹ pé kí wọ́n wá mọ̀ wá kí oṣù yìí tó parí," ni ó wí, ó sì bọ́ síta lọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Dàwódù wa ọkọ̀ kúrò. Ó padà fi ẹsẹ̀ rìn wá sí àárín irin pẹrẹsẹ náà, ó dúró níbẹ̀. Fọláyọ̀ jáde láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó wá dúró tì í. Láti ibẹ̀, wọ́n rí nọ́ńbà náà nínú fèrèsé: ogóje kílò.

"Ta ló wúwo jù nínú wa?" ni Dàwódù béèrè.

"Òṣùwọ̀n yìí kò lè sọ ìyẹn fún ọ. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀, ẹyọ kan ni ó ń kà á sí."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, olùfẹ́."

Fọláyọ̀ wọlé, ó kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ó sì nà án sí i láti ojú fèrèsé. Dàwódù fi í sínú àpò àyà rẹ̀, pẹ̀lú àwọn yòókù.